Oko Ìrèké Tí Ẹ̀rọ Rẹ̀ Dákẹ́

Lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Lakowe, ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi ni wọ́n fi ń mọ àgbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀lẹ. Tèmi náà máa ń ké láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ìgbà tí epo bẹntiróòlù wá gbówó lórí, ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè ìrèké mi tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní, "Tí ìrèké yìí bá fi lè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn yìí, ilẹ̀ Bàbá wa di títà nìyẹn. Àwọn tó ń kọ́lé ti yí wa ká, ìwọ ń fomi rin koríko."

Mo ní, "Koríko ọ̀hún làwọn ọmọ yín ń jà lé lórí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé kò ṣeré.

Mo wá fara balẹ̀ wo ibi tí omi ń gbà lọ. Rọ́bà omi ń jò ní oríkèé. Èyí tó bá dé ìdí ìrèké, oòrùn ọ̀sán á fà á mu. Ewé gbígbẹ tí ì bá sì bo ilẹ̀, àṣà wa ni ká dáná sun ún. Mo bẹ púlọ́ńbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bá mi dí oríkèé náà. Mi ò sun ewé mọ́, mo tẹ́ ẹ sáàárín ebè bí ẹní. Ní ìdájí, mo máa fomi sí poro kan, mo máa fo èkejì di ìgbà míì. Kí oòrùn tó mú, mo ti pa ẹ̀rọ. Tí mo bá sì ṣí ewé tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, mi ò ní tan ẹ̀rọ rárá. Kẹ́gì epo kan wá ń pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ nítòsí pè mí: "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ yín ló kú ni, àbí ó ti rẹ ẹ̀yin gan-an?"

Ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ mi ti dákẹ́ dé etí ẹ̀gbọ́n mi ní Ajah níbi tó ń gbé. Ó rò pé mo ti pa oko tì. Ṣé kò wá mú ajẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn ta ilẹ̀ dání, tòun ti téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀!

Ajẹ́ǹtì dúró létí oko. "Ọ̀gá, ẹ ṣáà ní ó ti gbẹ?"

Ìrèké ti ga ju àwọn méjèèjì lọ, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ó fa ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yọ.

"Ìgbà wo lo fomi sí i?"

"Kì í ṣe àná, kì í ṣe ìjẹta."

"Irọ́ ni!"

Mo gé ọ̀kan fún un. Ó jẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ fi ń ṣàn sírùngbọ̀n rẹ̀. Ó wá yíjú sí ajẹ́ǹtì: "Ẹ má bínú. A ò ta ibí mọ́. Àbúrò mi ló ni ín."

Inú mi dùn, orí mi wú. Ajẹ́ǹtì ní kí n gé tòun náà. Mo gé èyí tó gùn jù fún un.