Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Nínú Iyanrìn Gonin Gora

Olúgbénga kò gba kọ̀mpútà gbọ́. Ẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Narayi, kí ẹ sọ fún un pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ yín wò, yóò wò yín bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń ṣòjòjò. Ní tirẹ̀, yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjíìnì, yóò gbóòórùn epo, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin, lẹ́yìn náà yóò sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó kúrò ní Kabba wá sí Kàdúná, láyé ìgbà tí Pijó ṣì ni ọkọ̀ gbogbo ẹni tó bá jẹ́ èèyàn. Ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá Hausa kan fún ọdún márùn-ún, ó sì ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọkọ̀ tó fi kọ́ṣẹ́ kọ́ ni ọkọ̀ tí ayé ń gùn mọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ sí i létí.

Àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ń gbé Gonin Gora kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Olúgbénga ni mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ọmọ Kabba. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wà níta ìpàdé wọn, ọwọ́ rẹ̀ ti kan án rí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé jíìpù ẹgbẹ́ wá, ní oṣù Èrèlé ọdún 2022, ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí Bridget kú.

Ephraim, dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́, ló wà á wá. Iyanrìn ṣì lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà títí dé etí ilẹ̀kùn. Ìró kan ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, kò tíì sí ẹni tó láyà láti gbé e kúrò. Olúgbénga wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò.

Tíṣà ni Bridget, ìyàwó Tolúwaṣẹ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ilé wọn sì wà lódìkejì odò kékeré kan lẹ́yìn Gonin Gora. Òjò ti gbé afárá odò náà lọ, nítorí náà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, inú odò gbígbẹ yẹn ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Àwọn onítípà tó ń wa iyanrìn níbẹ̀ ti jẹ́ kó rọ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ènìyàn gan-an ń rì nínú rẹ̀. Torí odò yìí gan-an ni ẹgbẹ́ ṣe ra jíìpù, fó-wíìlì, ọkọ̀ tí wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bridget ń rọbí, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya, Ephraim débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó ń lọ, ó sáré gba inú iyanrìn kọjá. Nígbà tó ń bọ̀, kò lè sáré, torí gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fò ni Bridget ń ké. Àárín odò ni iyanrìn ti mú wọn. Wọ́n fi ṣọ́bìrì wà á, wọ́n fi pákó sí i lábẹ́, èèyàn mẹ́rìnlá tì í, ọkọ̀ kò lọ. Nígbà tí típà kan fi máa fà wọ́n jáde, tí wọ́n fi máa dé ọsibítù, ọmọ nìkan ni wọ́n rí gbà. Ọmọ obìnrin ni.

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ìbànújẹ́ máa ń wá ẹni tí yóò dì mọ́ lọ́rùn. Ephraim ni wọ́n dì mọ́. Wọ́n ní kò mọ ọkọ̀ wà nínú iyanrìn, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n Tolúwaṣẹ ní tí ìpàdé ọjọ́ Àìkú bá parí, ọlọ́pàá làwọn máa fà á lé lọ́wọ́. Bàbá Àìná, alága ẹgbẹ́, ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, pe Olúgbénga lórí fóònù.

“Gbénga, yẹ ọkọ̀ yẹn wò fún wa. Lọ́jọ́ Àìkú, wàá dìde, wàá sọ fún ìpàdé pé ọkọ̀ ò ní àléébù. Ó parí.”

“Tí n bá rí àléébù ńkọ́, bàbá?”

“Àléébù kẹ̀? Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìwọ lo ń tọ́jú ẹ̀?”

Ephraim kò tíì lọ. Ó dúró ti ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Mo tẹ iná, ẹ́ńjíìnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Táyà méjì péré ló ń yí.”

“Méjì báwo? Ṣebí fó-wíìlì ni.”

“Wallahi, ẹ̀gbọ́n, méjì ni. Ọ̀kan níwájú lápá òsì, ọ̀kan lẹ́yìn lápá ọ̀tún. Àwọn méjì tó kù dúró, wọ́n ń wò wá.”

Olúgbénga bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo ẹni tó gbọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn lára táyà. Afẹ́fẹ́ inú wọn pọ̀ jù, wọ́n le bí òkúta. Táyà tó bá le, ńṣe ló ń gbẹ́ iyanrìn. Táyà tó bá rọ̀ díẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dín afẹ́fẹ́ wọn kù. Lọ́jọ́ kejì, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè pátápátá, ó sì fi í sí fó-wíìlì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yí. Gíà dára, epo ń wọlé bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti Ephraim gbé e lọ sínú odò náà gan-an. Ó kọ́kọ́ rìn dáadáa, ó rìn ju bó ṣe yẹ lọ, ìrètí ti ń dé. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí àwọn onítípà gbẹ́ ní gbágungbàgun, ó dúró. Olúgbénga sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Ephraim tẹ iná. Iwájú lápá òsì ń yí lófo, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ń yí lófo. Àwọn méjì tó kù dúró. Ephraim kò purọ́.

Ìgbà yẹn ló tó gbé ìgbéraga rẹ̀ mì. Wọ́n wa iyanrìn fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó yọ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó fúnra rẹ̀ wà á kọjá sí òkè odò Kàdúná, ó di Ungwan Shanu, lọ́dọ̀ Rasheedah. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá Rasheedah, Kàdúná ni wọ́n bí òun sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá kọ̀mpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ sì niṣẹ́ rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rin tí Olúgbénga ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀, bàbá! Ẹ̀yin náà lẹ wá?”

“Èmi náà ni. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Bá mi wò ó.”

Rasheedah ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ẹ́ńjíìnì dá a lóhùn, gíà dá a lóhùn. Ìgbà tó pe búrẹ́kì, kò sí ìdáhùn. Ó tún un pè. Ó wo dáṣíbọọ̀dù dáadáa, ó sì fi èékánná họ téèpù dúdú kékeré kan tó wà lórí rẹ̀, iná pupa kan yọ lábẹ́ téèpù náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí àpótí fúùsì, ó rí ihò kan tó ṣófo.

“Kai! Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ yìí. Bí búrẹ́kì bá ti ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ oníbàárà, wọ́n á yọ fúùsì ẹ̀, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iná. Bàbá, gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àrùn o. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òun náà ló ń di táyà tó bá ń yí lófo nínú iyanrìn mú, kí agbára lè lọ sí ara àwọn tó kù. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, fó-wíìlì yín ti di táyà méjì. Ta ló ṣe èyí?”

Olúgbénga mọ ẹni tó ṣe é. Omi ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni, Ephraim kò tíì gba iṣẹ́ nígbà yẹn. Bàbá Àìná ló fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà wá pé tóun bá tẹ búrẹ́kì lórí yẹ̀pẹ̀, ó ń ta òun lẹ́sẹ̀, ó sì ń ké gìrìgìrì, kí Gbénga bá òun pa ariwo yẹn. Gbénga pa á. Ó rọrùn bí ẹni ń ja ewé. Bàbá Àìná dán an wò lórí títì, ọkọ̀ ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ṣàdúrà fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ àdúrà, n ò gbọ́ èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó ìyẹn.

Rasheedah fi fúùsì tuntun síbẹ̀. Nígbà tí Olúgbénga ń padà lọ, ó yà sínú odò, ó wa ọkọ̀ náà lọ tààrà síbi tó ti kọ̀ lówùúrọ̀. Ó gbọ́ nǹkan tó ń há gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ariwo tó pa lóṣù kẹwàá yẹn. Táyà tó ń yí lófo rọlẹ̀, àwọn méjì tó ń sùn jí, jíìpù gun òkè odò jáde bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó paná ọkọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Àìná tún pè.

“Ṣé o rí nǹkan kan?”

“Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, bàbá.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí ohun tó máa wà lọ́kàn tèmi náà nìyẹn. Ọkọ̀ náà ti dára. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, kó lọ dán an wò. Tó bá dìde tó ní ọkọ̀ ò ní àléébù, kò tilẹ̀ purọ́ tán. Rasheedah kò mọ ẹnikẹ́ni ní Gonin Gora. Ephraim kò níyàwó, kò lówó, kò lẹ́nu. Ọdún márùndínlógójì ni Olúgbénga fi kọ́ orúkọ tirẹ̀, gbólóhùn kan ni yóò sì wó o. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ibà ló ń ṣe òun.

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, yàrá ìgbàlejò Bàbá Àìná kún fọ́fọ́. Tolúwaṣẹ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù lọ́wọ́ Ephraim, ó wà lórí tábìlì níwájú alága. Nígbà tí wọ́n pe Olúgbénga, ó dìde.

“Ẹ̀yin ará ilé, Ephraim ò jẹ̀bi. Ọkọ̀ ló kọ̀, èmi ni mo sì jẹ́ kó kọ̀.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá Àìná kò jẹ́ kó parí.

“Gbénga, jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àmúwá Ọlọ́run ni, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa ariwo yẹn. N ò ní kẹ́ ẹ bá mi pín in. Èmi ló yẹ kí n mọ̀.”

Mo rò pé ẹnìkan máa lọ bá Ephraim, pé ẹnìkan máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò mọ ọmọ aráyé. Ọkùnrin kan nídìí fèrèsé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi náà gbé ọkọ̀ mi wá lọ́dún tó kọjá, torí búrẹ́kì tó ń gbọ̀n. Ṣé ẹ…”

“Mo yọ tìẹ náà.”

“Ti ìyàwó mi ńkọ́? Òun ló fi ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé o!”

“Mo yọ ọ́.”

“Haba! Tèmi ńkọ́?” ni ẹlòmíràn pariwo.

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí símẹ́ǹtì. Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà níta, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ṣí, wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá bá àwọn wá ihò tó ṣófo. Àwọn ẹ̀gbọ́n Tolúwaṣẹ gan-an bá wọn jáde, torí àwọn náà gbé ọkọ̀ wá. Bàbá Àìná gba ẹ̀gbẹ́ Ephraim kọjá, kò kí i. Ephraim wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì, kò mú un. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò sì sẹ́ni tó pè é padà.

Ó ku Olúgbénga àti Tolúwaṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tolúwaṣẹ, Olúgbénga fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ. Olúgbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Tolúwaṣẹ wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá, “tí wọ́n bá fẹ́ dá fúùsì yẹn padà, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?”

“Kò tó ìṣẹ́jú kan.”

Tolúwaṣẹ mi orí. “Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la lò nínú iyanrìn yẹn. Orí Bridget wà lórí itan mi. Ó ń bi mí ṣáá pé, ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Mò ń sọ fún un pé wọ́n ti fẹ́ ṣe é tán.”

Láti ìta, Bàbá Àìná ń pariwo pé kí Gbénga wá wo tòun. Olúgbénga kò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, àyà rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó ń retí kí ẹni tí òun dọ̀bálẹ̀ fún ní kí òun dìde. Tolúwaṣẹ wọ bàtà rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó sì jáde.