Káfíńtà Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àdúrà

Lọ́jọ́ tí ìjọ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ méje fún ìsọjí, a bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní títì pa. Ẹni tó tì í jókòó sórí àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀, ó ń fi àkísà nu ayùn bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Káfíńtà ìjọ ni. Òun ló kan ilẹ̀kùn náà, òun náà ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Bàbá Ẹ-dúró-ná là ń pè é, torí kò sígbà tí pásítọ̀ máa ní ká gbàdúrà tí ọkùnrin yìí ò ní nawọ́ sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé, "Ẹ dúró ná."

Lọ́jọ́ yẹn, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá yan ẹnìkejì ẹ̀ lódì nínú ìjọ ò ní wọlé àfi tó bá kọ́kọ́ lọ parí ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀ ń pe Ẹ̀mí Mímọ́ wá sílé, ẹ ò sì tíì gbálẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìsọjí tí ò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, ta la fẹ́ mú un lọ bá?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bá ẹnì kankan jà, kó jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn. Bàbá Ẹ-dúró-ná bi í pé aṣáájú akọrin ńkọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń kọjá lára ara wọn bí àjèjì látìgbà tí pásítọ̀ ti dá orin ẹ̀ dúró láàárín ìsìn. Pásítọ̀ wolẹ̀. Aṣáájú akọrin tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ gan-an náà wolẹ̀. Kò pẹ́ táwọn méjèèjì fi rìn lọ sábẹ́ igi iwájú ọgbà, tí wọ́n ń bẹ ara wọn.

Bó ṣe mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Tẹ́nì kan bá lóun ò níjà, ó máa rán an létí. Ẹ sáà mọ̀ pé káfíńtà tó ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe nínú yàrá ẹni máa ń gbọ́ ju ìró òòlù lọ. Ìyá kan tó ń ta bàtà ta kú pé òun ò rántí ẹni tóun bá jà. Bàbá dárúkọ onítọ̀hún, ó sọ oṣù tó ṣẹlẹ̀, ó wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka èébú tí wọ́n bú ara wọn. Ìyá yẹn ò dúró gbọ́ ọ tán tó fi sáré lọ bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà nílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tẹ́nì kankan ò fẹ́ fẹnu kàn. Bàbá Ẹ-dúró-ná fúnra ẹ̀ ò tíì bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún, tó jẹ́ aránṣọ, wà láàárín wa níbẹ̀, ó gbé báàgì kọ́pá, ó ń wò ó.

Kọ́bọ́ọ̀dù ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó bóun kan èyí tóun máa kó aṣọ àwọn oníbàárà sí. Ó kàn án, ó fi igi gidi ṣe é, ó ga, ó fẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbé e, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kó gé e kù. Káfíńtà ní kò sóhun tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù òun, ẹnu ọ̀nà ló kéré, kí wọ́n lọ fẹ ògiri. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò lè torí àpótí wólé. Àbúrò ní ẹni tó bá pe iṣẹ́ òun ní àpótí, òun pẹ̀lú ẹ̀ ò tún jọ sọ nǹkan kan mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù wá wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ òrùlé, àwọn adìẹ sì ń yé sínú ẹ̀.

Ká sòótọ́, ọkùnrin yẹn kì í gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ọdún tó ṣáájú, nígbà tá a kọ́kọ́ fẹ́ gbàdúrà ìsọjí, ó lọ bi pásítọ̀ pé èèyàn mélòó la fẹ́ kí Ọlọ́run mú wá. Pásítọ̀ ní iye tó bá wu Ọlọ́run ni. Ó ní wọn kì í la pákó láìwọ̀n ọ́n. Ló bá kan bẹ́ńṣì méjìlá sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tuntun kankan ò wá, ó wá kọ ọ́ sí gbogbo wọn lára pé, "Ti àwọn tó ń bọ̀." Ìyá ìyàwó pásítọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ kan tí èrò kún, bàbá ò jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ ló ni ín, màmá ti dé ní tiwọn. Màmá fara ti ògiri títí ìwàásù fi parí.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò síjà mọ́ láàárín wa àfi ẹyọ kan. Aṣáájú akọrin ló sọ ọ́.

"Bàbá, ẹni tó máa dáṣọ fúnni, tọrùn ẹ̀ là ń wò. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Bàbá wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà wò ó. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní ká wọlé, ló bá padà sórí àtẹ̀gùn. A ní kí ẹ̀gbọ́n máa bọ̀. Ó ní òfin tó mú àbúrò ti mú ẹ̀gbọ́n, ló bá lọ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì.

Fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwa ń gbàdúrà nínú ilé, àwọn ń ṣe àmín níta, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àmín tiwọn sì máa ń ròkè ju ti gbogbo wa lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí tẹnìkejì borí tòun.

Lọ́jọ́ kẹfà, òjò ṣú. Bàbá sáré lọ gbé páànù wá, ó kàn án sókè àtẹ̀gùn. Páànù ò tó. Apá ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló bò. Òjò ń dà sórí bàbá fúnra ẹ̀. Pásítọ̀ yọjú, ó bi í pé kí ló dé tí kò mú páànù tó gùn wá. Bàbá ní òun ṣì í wọ̀n ni.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yíjú sí i. "Kí lo wí?"

"Mo ní mo ṣì í wọ̀n."

"Kí lo ṣì wọ̀n?"

"Páànù yìí." Omi ń kán ní imú ẹ̀. "Àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnu ọ̀nà ilé tèmi ni mo wọ̀n, mi ò wá wọn tiyín. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo ti mọ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Pé kó o ṣáà sọ ọ́ ni mo ń dúró dè. Dìde, òjò ń pa ẹ́."

Bí àwọn méjèèjì ṣe wọlé nìyẹn, pásítọ̀ ò lè parí àdúrà tó ń gbà lọ́wọ́, torí ẹkún. Ẹ má bi mí bóyá ìsọjí dé tàbí kò dé. Èmi mọ ohun tí mo rí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé ayùn lọ gé kọ́bọ́ọ̀dù kù. Ẹ̀gbọ́n lé e. Ó ní adìẹ òun méjì ń sàba lọ́wọ́, tó bá dẹ́rù bà wọ́n, òun àti ẹ̀ máa tún jà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn díẹ̀ ṣe bàbá, ó sì gbabẹ̀ kú. A lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílé. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìtùnú, ẹ̀gbọ́n ní kó fi ara balẹ̀.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin la fi jọ ń jẹun, tó ń bá mi jiyàn lórí gbogbo nǹkan, títí kan iyọ̀. Ká ní ó lọ nígbà tá a ṣì ń bínú, ta ni ǹ bá máa sunkún fún? Báyìí, mo rẹ́ni sunkún fún."

Ó sì sun ẹkún náà, àwa náà bá a sun ún.