Gèlè Tí Ìyá Àgbà Tú

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn epo máṣíìnì, ọ̀sán kan ní Ìkìrun ni mo máa ń rántí.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Télọ̀ Ìgbò tó ń gbé ilé wa tẹ́lẹ̀ ti padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, tí Ìyá Àgbà bá a gbé pamọ́. Làwọn ọkùnrin àdúgbò bá kó kùmọ̀ dé.

"Ìyá, ẹ lé ọ̀tá yẹn jáde!"

Ìyá Àgbà dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n tú gèlè. Èmi rò pé ooru ló mú wọn. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àgbà obìnrin tó bá ṣí orí báyẹn, èpè ló kù.

Àwọn ọkùnrin náà mọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn lọ.

"Télọ̀, máa ránṣọ!" ni Ìyá Àgbà wí. "Kí wọ́n máa gbọ́ ariwo ẹ̀ délé."