Apá Sùtánà Mi àti Suwíìṣì Méjì

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópó Rye Lane nílùú òyìnbó níbí lánàá, ìró suwíìṣì rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan. Bàbá mi ń kan ọkọ̀ òfurufú kékeré ẹlẹ́ni méjì nínú gáréèjì wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Daddy ní kí n fi apá sùtánà mi gbá suwíìṣì méjì kọjá. Ọ̀kan yí padà. Èkejì kò mì, àfi tí a bá kọ́kọ́ fa orí rẹ̀ síta.

"Daddy, èyí tó rọrùn ló dáa," ni mo wí.

Mummy rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú ní kó bọ́ sùtánà."

"Ẹni tó máa jókòó tì mí nínú ọkọ̀ yìí? Kì í bọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú," ni Daddy fèsì.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé suwíìṣì tí wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì, àti pé apá sùtánà mi ì bá ṣèèṣì gbá èyí tó rọrùn pa lójú òfurufú. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dá èyí tí mo fẹ́ràn padà sínú páálí, wọ́n sì de èkejì mọ́ àárín àga wa méjèèjì nínú ọkọ̀ náà.