Áàpù Iná Tí Mo Kọ

Yunifásítì ti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èèyàn dáadáa. Ẹ̀kẹta ẹ̀ ni mo tún fẹsẹ̀ ara mi wá lọ ní Yábàá, lọ́sàn-án Sátidé kan.

Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní yàrá kan níbẹ̀ láti kó áàpù kéékèèké táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ jọ sójú kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú un sórí fóònù ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ là ń gbà o. Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí tó jẹ́ olórí wa ní: ẹlòmíì gbọ́dọ̀ máa lò ó yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́. Èmi gan-an ni mo máa ń fi òfin yẹn lé àwọn èèyàn dànù, bíi pé adájọ́ ni mí.

Ó wá kan tèmi. Áàpù mi máa ń sọ bóyá iná máa dé ládùúgbò wa ní Mushin. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Oṣù méjì nínú ẹ̀, àwọ̀ ni mò ń yàn.

"Ta ló ń lò ó?" Àǹtí bi mí.

"Mọ́mì mi, mà."

"Pè wọ́n. Fi sí sípíkà."

Mọ́mì gbé e. Àǹtí ní, "Ẹ káàsán mà. Ṣé lóòótọ́ lẹ ń lo áàpù ọmọ yín?"

"Ha, ojoojúmọ́ ni! Tó bá ti ní iná ń bọ̀ báyìí, mo ti mọ̀ pé kò síná lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Màá yáa tan jẹnẹ. Kì í tàsé!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rín in, irú èyí téèyàn máa ń rín tí ṣòkòtò ẹ̀ bá ya ní gbangba.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ẹ dákẹ́ jàre. Wọ́n ń lò ó, kì í sì í tàsé. Ó wọlé. Àmọ́ ìwọ, tún ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe, kó máa sọ òótọ́."

Lẹ́tà kan péré ni mo yí padà. Níbi tó ti ní "Iná ń bọ̀", mo fi "Iná ò bọ̀" síbẹ̀. Ó wọnú àkójọ lójú ẹsẹ̀, ó sì bọ́ sórí fóònù Mọ́mì náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé Mọ́mì ṣì wà lórí ìlà.

"Ó ti yí padà o!" Mọ́mì pariwo. "Ó ní iná ò bọ̀! A jẹ́ pé iná ń bọ̀ nìyẹn! Mo ti pa jẹnẹ o!"

Àǹtí wá bú sẹ́rìn-ín wàyí, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ó yá, ìwọ ọmọ yìí, lọ bá kọ́sítọ́mà ẹ tan jẹnẹ padà."