Iyọ̀ Tí Ìyàwó Alágbàfọ̀ Kó Pamọ́

Ìyàwó Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ó sì pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá báyìí tí ó ti di opó. Òun nìkan ló ń lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ọkọ jọ lò fún ogún ọdún ó lé.

Ní ọdún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rù. Bó bá ti ìjókòó dìde, òyì a kọ́ ọ. Èrìgì rẹ̀ àti ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń dúdú sí i. A máa da iyọ̀ sí ọwọ́, a sì máa lá a.

“Baálé mi, àbí ewúrẹ́ ni mo fẹ́ ni?”

“Mèéè,” ni ọkọ dá a lóhùn, ó sì tún na ọwọ́ sí agolo iyọ̀.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá ọkọ, òyì ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Obìnrin náà kó gbogbo iyọ̀ ilé pamọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ tí oníbàárà kò tíì wá gbà. Odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi se oúnjẹ àtẹ́. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ títí.

“Nítorí ẹ̀mí yín ni,” ló máa ń sọ fún un.

Kò sẹ́ni tó ronú láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tó ti ń bì fún ọjọ́ méjì, ó ṣubú nídìí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù ti jó ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lu kí ìyàwó tó rántí pa iná. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá náà, nítorí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Kò ga rárá. Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kú.

“Kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan nínú ara gbogbo ènìyàn,” ni dókítà ṣàlàyé fún opó náà. “Òun ló ń rán họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, pé kí kíndìnrín má jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ. Ibi tí iyọ̀ bá dúró sí ni omi ń dúró sí. Kókó ti Bàbá ti bàjẹ́. Iyọ̀ ń lọ, omi ń tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní agbára mọ́. Ara wọn ló ń béèrè iyọ̀ yẹn.”

“Èmi tí mo wá kó o pamọ́ ńkọ́?”

“Oògùn ni wọ́n nílò, Mà. Iyọ̀ nìkan kò lè gbà wọ́n là.”

“Nìkan” yẹn ló gbé lọ sílé. Ní báyìí, ó lè dúró ti apá ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa lọ̀ ọ́ ní àlọtúnlọ.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, ọmọ ogún ọdún. Dókítà ti sọ pé àìsàn yìí a máa rìn nínú ìdílé nígbà mìíràn. Lóṣù yìí, ọmọ náà ní bí òun bá jí, ńṣe ló máa ń rẹ òun. Láti ìgbà náà ni ìyá kò ti yé yẹ èrìgì rẹ̀ wò.

“Màámi, ṣé dókítà eyín lẹ dà ni?”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ta kókó náà jí, wọn yóò sì tún gba òmíràn lẹ́yìn wákàtí kan, láti mọ̀ bóyá kókó tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.