Eegun Ìhà Màámi Nínú Fáìlì Ẹlòmíràn

Mi ò gba abẹ́rẹ́ dókítà ará Ṣáínà yẹn gbọ́ rárá, mi ò sì fi í pamọ́ fún un. Èmi ni mo ń ya ẹ́síréè fún àwọn obìnrin ní ọsibítù kan ní Jẹ́dà, láyé ìgbà tí owó epo ń rọ́ wọ ìlú náà, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tuntun dé kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Abẹ́ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni mo ti kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ohun tí mo bá rí lórí fíìmù nìkan ni mo mọ̀.

Ará Ṣáínà là ń pè é, àmọ́ Táíwàn ló ti wá. Ó ní nínú ìṣègùn àwọn baba ńlá òun, ọ̀nà kan wà tó gba ojú èèyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí inú, tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún kọjá lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo bi í pé ta ló ti la òkú tó rí ọ̀nà náà. Ó ní kò sẹ́ni tó rí i rí, ìdí nìyẹn tí òun fi ń wá ẹ̀rọ mi.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn á mu bàríọ́ọ̀mù, omi funfun kan tó ki bí ògì, kí àpòlúkù rẹ̀ lè hàn lójú ẹ̀rọ. Èmi á máa wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Dókítà á wá gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ orúnkún obìnrin náà, á máa fi ìka yí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu mi ò lè padé. Ẹsẹ̀ ló gún, inú ló ń mì! Àpòlúkù tó ti ń tòògbé ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Mo ní kó yọ abẹ́rẹ́ náà, kó tún un gún. Ó tún un gún, inú tún mì. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, kó jẹ́ ká rí mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun náà máa sọ nìyẹn.

Ìyá mi wà ní Mẹ́kà nígbà náà. Ó wá ṣe hájì, kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé. Òun àtàwọn obìnrin Yorùbá kan jọ ń gbé yàrá kan, wọ́n ń se oúnjẹ tà, kò sì sí ẹni tó ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ń bà mí, ẹnu mi máa ń le. Mo ní, "Màámi, ẹ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ mi láéláé. Bí wọ́n bá bi yín ní ìkámà, àwa méjèèjì ni wọ́n máa kó sọ́kọ̀." Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ kí i. Mo rí i pé ó ń rù. Ó ní ààwẹ̀ ló fà á. Ààwẹ̀ ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀, torí mo ti ń di ẹrù ìsinmi oṣù méjì tí mo fẹ́ lọ lò nílé.

Nígbà tí mo padà dé, dókítà ní kí n ya obìnrin kan tó ti ń gba abẹ́rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àlàájà kan láti Gulẹ́lì, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ni, ìyàwó awakọ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Mo ní, "Ẹ mí sínú, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ mí síta." Ó ṣe é, ó dúpẹ́, ó lọ.

Dókítà gbé fíìmù ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, tí ẹni tó dípò mi yà, àti tuntun kọ́ sójú iná. Nínú ti àkọ́kọ́, ibì kan wà létí àpòlúkù tí omi funfun náà ò kún, bí ẹni pé eku jẹ ẹ́, àmì pé nǹkan ti hù síbẹ̀. Nínú ti kejì, etí rẹ̀ jọ̀lọ̀. Dókítà pàtẹ́wọ́. "Ó ti lọ!" ló ń sọ. "Abẹ́rẹ́ ti gbé e lọ!" Ó ti fa bébà yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ò wo inú. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé kí n wo eegun kí n tó wo ẹran. Eegun àwọn méjèèjì ò bára mu. Nínú ti àkọ́kọ́, lápá òsì, eegun ìhà kan nísàlẹ̀ ti dá rí, ó sì ti so padà ní kókó wíwọ́. Mo mọ kókó yẹn. Lọ́dún tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù dojú dé pẹ̀lú ìyá mi lọ́nà Ìwó, èmi ni mo sì ya ìhà rẹ̀ nígbà tó so tán. Fíìmù tí ọ̀gá mi ò bú mi lé lórí nìyẹn, mo gbé e kọ́ sí yàrá mi fún ọdún méjì. Ìyá mi ni mò ń wò! Lẹ́tà òjé tí a fi ń kọ orúkọ sára fíìmù sì ń sọ pé Àlàájà Gulẹ́lì ni. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú dókítà tó ń yọ̀.

Báwo ni dókítà yóò ṣe mọ̀? Ojú àwọn obìnrin wà nínú ìbòjú, nọ́ọ̀sì ló ń múra fún wọn, ẹsẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀ nìkan ni dókítà ń rí. Ìwé wọn ò sì ní fọ́tò.

Mo wo àdírẹ́sì inú fáìlì, mo sì gba Gulẹ́lì lọ láti ibi iṣẹ́. Bí Àlàájà ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀.

"Ìyá yín ló ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín," ló wí. "Ìwé mi ni mo yá a. Ṣé kí inú máa pa á lọ ni? Nígbà tẹ́ ẹ dé, ó ní òun ò lè lọ mọ́, ẹ máa rí òun. Ni mo bá bá a lọ jẹ́ orúkọ. Dókítà yẹn ṣèèyàn, ṣé ká jẹ́ kó máa dúró deni lásán ni?"

"Àlàájà, inú tiyín ni mo yà!"

"Inú ṣáà ni inú."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n gbá a létí. Mo wọkọ̀ Mẹ́kà.

Mo bá màámi lórí ẹní, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó wo ojú mi, ó rọra gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ lo ní kí n má wá."

"Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má wá bẹ́ ẹ bá ń ṣàìsàn!"

"O ò yọ ìyẹn sọ́tọ̀," ló wí, kò sì bínú. "Láti Ramadan ló ti ń dùn mí. Mo dúró dìgbà tó o lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ bá dókítà, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Ó yọ fíìmù tuntun kúrò lójú iná, ó fa ìlà gba àárín ohun tó ti kọ, ó wá ní kí ìyá mi mu bàríọ́ọ̀mù, kó dùbúlẹ̀. Ó gún un lábẹ́ orúnkún, èmi sì ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì. Gbogbo àpòlúkù rẹ̀ mì, àfi ibì kan ṣoṣo náà, ó dúró gbọin-gbọin. Ẹ̀rọ mi fi ohun tí dókítà ń wá hàn án, ó sì fi èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò lè ṣí nídìí hàn án. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó ní ó di ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n lè gba ìyá mi láìsí ìkámà. Oníṣẹ́ abẹ gé ohun tó lè gé, ó ní ká ní ó wá nígbà Ramadan ni. Mo mú màámi lọ sílé. Kò rí Ramadan mìíràn.

Fíìmù àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n bi màámi níbẹ̀ bóyá ó ní ẹbí kankan ní Jẹ́dà. Ó ní òun ò ní.